Ẹsẹ Kẹfà

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí kì í bá Tolúwalọpẹ́ lórí ibùsùn. Ẹ má tíì yìn ín. Kì í ṣe Ọlọ́run nìkan ló ń jí i. Iná róbótó kan wà ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á ti gbé fóònù ńlá dúró níwájú rẹ̀, gèlè funfun á ti wà lórí, àtíkè á ti wà lójú. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká lọ́sàn-án ti di "Ìyá Òwúrọ̀" fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń bá a gbàdúrà lórí láìfù íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kí ayé tó mọ̀ ọ́n, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá a gbàdúrà ní aago márùn-ún ààbọ̀, ìyẹn ìyá rẹ̀ tó wà ní Oǹdó. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe màmá náà, torí ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Láti ìgbà tí Lọpẹ́ ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ ń ka Sáàmù láìwo ìwé. Ìyá á ka ẹsẹ kan, ọmọ á ka èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí iṣẹ́ gbé Lọpẹ́ dé Àkúrẹ́, orí fóònù ni wọ́n ti ń kà á. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá pàápàá, wọ́n kà á.

Láìfù ló da ọ̀rọ̀ rú. Aago márùn-ún ààbọ̀ náà ni èrò máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Lọpẹ́ ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká sún tiwa sí ìrọ̀lẹ́." Ìrọ̀lẹ́ dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì dé, ó tún rẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Tíṣà ò ráhùn. Bó bá wá pè láàárọ̀, Lọpẹ́ á fi ìka gbá ìpè náà dànù, á ní iṣẹ́ Olúwa lòun ń ṣe, á yé Màámi. Ẹ gbọ́ àwáwí lẹ́nu ọmọ èèyàn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, àwọn tó ń wò ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọpẹ́ ń wàásù lórí bí ayé ṣe ń fa ọkàn onígbàgbọ́ kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára nọ́ńbà tó ń gòkè lórí fóònù. "Màámi" hàn lójú fóònù. Ó gbá a dànù. Kò pé ìṣẹ́jú méjì, "Màámi" tún hàn. Ó tún gbá a dànù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní ọ̀tá ò fẹ́ kí àdúrà òní gòkè.

Ni fóònù kékeré tó wà lórí àga bá ń dún. Èèyàn mẹ́ta péré ló mọ nọ́ńbà ìyẹn. Ó gbé e. Fọlákẹ́mi ni, ọmọbìnrin tó háyà yàrá kan nílé Tíṣà.

"Àǹtí, ilé ìwòsàn la wà. Inú ló ń run Màmá láti àná. Dókítà ní ìfun wọn ti lọ́ pọ̀, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn kíákíá. Gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́, àmọ́ Màmá ò gbà kí wọ́n gbé àwọn wọlé, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ bá wọn ka Sáàmù. Dókítà ń bínú, Àǹtí. Ó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó ń lọ yìí léwu."

Ohun tó yẹ kó ṣe ò le rárá: kó pa láìfù, kó dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Àmọ́ ojú rẹ̀ tún lọ sára nọ́ńbà náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ọkàn kan ní ẹ̀rí ńlá lèyí máa jẹ́, jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ṣebí Sáàmù kan náà ni. Ó tẹ fóònù kékeré kí ohùn lè jáde síta, ó gbé e sún mọ́ èyí tó ń gbé láìfù, omijé sì dé ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá mi fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ báyìí. Ẹ bá wa dúró."

Omijé gidi ni o, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó kàn jẹ́ pé bó ṣe ń sunkún náà ló ń wo bí ẹkún ọ̀hún ṣe rí lójú fóònù.

"Lọpẹ́." Tíṣà ń mí gúlegúle. "Ká ka ti ìrìnàjò." Ẹsẹ mẹ́jọ ni Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà náà ní. Ó ka ẹsẹ kìn-ín-ní.

Lọpẹ́ ka ìkejì, ohùn tó fi ń darí àdúrà ló fi kà á. Àmín ń rọ́ wọlé lójú fóònù. Ìyá ka ìkẹta.

Ó kan ẹsẹ kẹrin. Lọpẹ́ la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Sáàmù tó ti mọ̀ kó tó mọ̀wé kọ ni o. Ó wá ẹsẹ kẹrin títí, ọ̀rọ̀ tó máa ń fi ṣí láìfù nìkan ló ń sọ sí i lọ́kàn. Ó ń gbọ́ èémí ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ọkùnrin kan lẹ́yìn tó ń wí pé, "Màmá, àkókò ń lọ." Tíṣà ń dúró de ọmọ rẹ̀, bó ṣe máa ń dúró de ọmọ kíláàsì tó bá dìde tí kò mọ ìdáhùn.

Ẹnì kan nínú àwọn tó ń wò ó, tó ń jẹ́ Jethro, tí Lọpẹ́ ò mọ̀ rí, bá tẹ gbogbo ẹsẹ kẹrin sójú fóònù. Lọpẹ́ rí i. Ó kà á. Kò ṣì í kà.

"Lọpẹ́." Ohùn náà rọ̀. "Ta ló ń sọ fún ẹ?"

Ẹni tó ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó mọ ohùn ọmọ tó ń wo ìwé ẹlòmíràn. Ìtìjú mú Lọpẹ́ débi pé kò rántí mọ́ pé àwọn kan ń wo òun. Ìyá rẹ̀ dá dókítà dúró, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, kó ṣáà lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àjèjì ló wá kà fún un.

Ó fa wáyà iná róbótó náà yọ. Ó pa láìfù, kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Pálọ̀ ṣókùnkùn. Ó kúnlẹ̀.

"Màámi, mo ti gbàgbé ẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Tíṣà wí. "Láti oṣù mẹ́jọ yìí, èmi ni mò ń ka tìẹ mọ́ tèmi. Máa wí i tẹ̀ lé mi."

Ó ka ẹsẹ kẹrin díẹ̀díẹ̀, ọmọ sì ń wí i tẹ̀ lé e bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ó ka ìkarùn-ún, tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrora ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní ó tó gẹ́ẹ́, Lọpẹ́ gbọ́ ìró bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tì lọ, ìpè sì já.

Kí ọkọ̀ tó gbé e dé Ọwẹ́nà lójú ọ̀nà Oǹdó, ẹsẹ kẹfà ti padà sí i lórí, ó pé pérépéré, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Kò kà á jáde. Gbèsè tó jẹ Màámi ni, etí Màámi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Fóònù ńlá ń gbọ̀n nínú báàgì rẹ̀, wọ́n ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Òwúrọ̀. Ó pa á. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á: bí Màámi bá lọ báyìí, ẹsẹ tí òun jí kà lòun fi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Fọlákẹ́mi ló bá lórí bẹ́ńṣì nílé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ti wú. Wọn ò tíì jáde. Wákàtí kan kọjá. Èkejì kọjá. Lọpẹ́ ò lè jókòó, kò lè dúró. Gbogbo àdúrà gígùn tó mọ̀ ọ́n gbà, kò rí ìkankan gbà. "Olúwa, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn," nìkan ló ń tún wí.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan yọjú.

"Ta ló ń jẹ́ Lọpẹ́ níbí?"

Lọpẹ́ sáré sún mọ́ ọn. Fọlákẹ́mi ló dáhùn fún un.

"Màmá ti lajú," ni nọ́ọ̀sì wí. "Díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ò tíì já geere, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo wa. Wọ́n ní ẹsẹ wo ló kàn."

"Ẹsẹ kẹfà ni," ni Lọpẹ́ wí, ó ti ń rìn lọ. "Tèmi ló kàn."