Ìpẹ́ Ara Irin

Mo lálàá pé mo wà lẹ́yìnkùlé wa, mo ń fi fáìlì ha kámúṣáàfù ọkọ̀ wa àtijọ́, irin gbọọrọ tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ náà lè lágbára gun òkè ilé ìwòsàn. Ìyàwó mi tí a ti sin ni mo fẹ́ gbé débẹ̀ kó má baà kú. Bí mo ti ń ha irin náà, ìpẹ́ ẹja ló ń já bọ́ lára rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lápá.

Ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná, ó já irin náà gbà, ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó sì ń fi ọ̀bẹ pa ìpẹ́ rẹ̀. Irin náà ń jà bí ẹja ààyè.

"Ìwọ tí o kò lè pa ìpẹ́ ẹja, ẹ́ńjìnnì lo fẹ́ tún ṣe?"

Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra wa, kò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, wọ ọkọ̀. Ilẹ̀ ń ṣú."

"Ta ló ń pe oríkì mi?"

"Èmi ni. Ọkọ rẹ ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọkọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di fáìlì mú. Ìwọ ta ni?"

Mo lanu láti dárúkọ ara mi, mo bá jí.