Ìyàwó Awakọ̀ Bàálù ní Ilé Bùsàrí

Yọ̀mí dúró gbagidi síwájú mọ́tò, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó lè fi agbára tì í padà. Rẹ̀míláyọ̀ tẹ fèrè. Kò yẹ̀.

"Àǹtí Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbẹ̀."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì ẹ́sítéètì VGC ń wò wọ́n, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí kò wò. Rẹ̀míláyọ̀ pa mọ́tò. Ó mú báàgì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn jáde.

Yọ̀mí sáré bá a létí títì. "Tí ẹ bá sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á ní bùrọ̀dá mi mọ̀ pé bàálù yẹn ò dáa, síbẹ̀ ó kó èèyàn sínú ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pa á," ni Rẹ̀míláyọ̀ fèsì. "Wọ́n ní ó mutí. Wọ́n ní oorun gbé e lọ. Èmi tí mo mọ ohun tó sọ, mo jókòó sílé, mo panu mọ́."

Ó nawọ́ sí kórópè tó ń lọ sápá Ìkátẹ̀, ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Bàálù kékeré tó máa ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Bìní láràárọ̀ ni Dúrósinmí, ọkọ rẹ̀, ń wà. Lọ́jọ́ náà, bàálù ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nílẹ̀ ni, kò tíì jìnnà sí pápákọ̀, tí ẹ́ńjìnì kan fi kú. Ó já. Kò sẹ́ni tó yè, àti awakọ̀ àti èrò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iléeṣẹ́ tó ni bàálù ti sọ lórí rédíò pé kò sóhun tó ṣe ọkọ̀ àwọn, pé kí aráyé béèrè lọ́wọ́ awakọ̀.

Ṣùgbọ́n Rẹ̀míláyọ̀ mọ ohun tó gbọ́. Ní ìdájí ọjọ́ náà, Dúrósinmí dúró nínú kíṣíńnì, ó ń mu tíì. Ó ní, "Mo ti sọ fún wọn pé ariwo ẹ́ńjìnì yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe mọ́jú." Rẹ̀míláyọ̀ bi í bóyá ó dá a lójú. "Wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe," ló tún sọ. Ó ṣan ife rẹ̀, ó dé fìlà, ó lọ.

Lánàá ni Rẹ̀míláyọ̀ gbọ́ ohùn Suliat lórí rédíò. Opó Bùsàrí tó ń ṣe fèrèsé, ọ̀kan nínú àwọn èrò náà, ni, ará Ìkátẹ̀. Obìnrin náà ò sunkún. Ó kàn ń béèrè ni: "Kí ló wà lọ́kàn ọkùnrin yẹn tó fi gbé ọkọ mi lọ?" Ìgbà náà ni Rẹ̀míláyọ̀ pinnu pé òun á wá a lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kó kùtà náà, ó rò ó lọ́kàn bí kórópè ṣe ń sáré lórí márosẹ̀. Ó ṣáà gbọ́dọ̀ dọ́jà.

Kò ṣòro láti rí ilé Bùsàrí. Ẹni àkọ́kọ́ tó bi léèrè ilé Bùsàrí tó ń ṣe fèrèsé ló nawọ́ sí ilé náà. Wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán. Àwọn ọkùnrin ń ká kánópì, àwọn obìnrin ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Àgbàlagbà kan tó wọ jálàbíà funfun bi í pé ta ló ń wá.

"Suliat ni, sà. Èmi ni ìyàwó awakọ̀ bàálù yẹn."

Abọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Àgbàlagbà náà, Ọdúnjọ, ẹ̀gbọ́n Bùsàrí, dìde tìbínú-tìbínú. "O tiẹ̀ láyà! Jáde kúrò níbí kí n tó—"

"Ẹ jẹ́ kó wọlé, Bàbá." Láti inú yàrá ni ohùn náà ti wá. Rẹ̀míláyọ̀ dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Suliat jókòó lórí ẹní. Kò tó bí Rẹ̀míláyọ̀ ṣe rò ó lọ́jọ́ orí. Rẹ̀míláyọ̀ kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, tíì, ariwo ẹ́ńjìnì, ohun tí wọ́n sọ fún Dúrósinmí. Kò yọ ọ̀kan kúrò.

"Ó mọ̀!" Suliat fi ọwọ́ lu ẹní. "Ó mọ̀, ó sì gbé ọkọ mi!"

"Ó mọ̀ pé ó ń pariwo. Wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe, ó gbà wọ́n gbọ́. Kò yẹ kó gbà wọ́n gbọ́."

Ó sọ ọ́ tán, kò fi ohunkóhun bò ó. Níta, irin kánópì ń dún bí wọ́n ṣe ń tò ó lélẹ̀.

"Bùsàrí ò wọ bàálù rí," ni Suliat sọ. "Ẹni tó fẹ́ ṣe fèrèsé fún ní Bìní ló ní kó má gba ọ̀nà ilẹ̀, nítorí ajínigbé. Ẹ̀rù bà á. Èmi ni mo ní kó máa lọ, pé wọ́n ní bàálù ò léwu." Ó gbójú sókè. "Ṣé ẹ lè sọ ohun tí ẹ sọ yìí níwájú àwọn tí ìjọba ní kó wádìí ẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni mo ń lọ láti ibí. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni."

"Wọ́n á bú ọkọ yín."

"Mo mọ̀."

"Mò ń ṣe opó, n ò lè bá yín jáde. Tí ẹ bá débẹ̀, wọ́n á máa pè é ní èrò, èrò. Ẹ sọ fún wọn pé Bùsàrí lorúkọ ẹ̀."

Rẹ̀míláyọ̀ dáhùn pé òun á sọ ọ́. Ó ti mú ilẹ̀kùn lọ́wọ́ nígbà tí Suliat tún pè é.

"Àǹtí. Tiyín ńkọ́? Ṣé ẹ ti sin ín?"

"Rárá. Wọn ò tíì gbé e fún wa."

Suliat mi orí, ó rọra ní, "Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn."

Níta, Ọdúnjọ ò wo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ ti àga kan kúrò lọ́nà kó lè rí ibi gbà kọjá, ó sì sọ fún àwọn obìnrin pé, "Ẹ fún un lómi."

Rẹ̀míláyọ̀ gba afárá ẹlẹ́sẹ̀ sọdá sí òdìkejì márosẹ̀, ibi tí ọkọ̀ ti ń lọ sígboro, tí kì í ṣe ọ̀nà ilé. Fóònù rẹ̀ dún. Yọ̀mí ni.

"Àǹtí, ṣé wọn ò fọwọ́ kàn yín? Kí ni wọ́n bi yín?"

Rẹ̀míláyọ̀ dúró létí títì. Láti ọjọ́ tí bàálù ti já, gbogbo ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ló ń bi í léèrè ohun tí Dúrósinmí ṣe, òun náà sì ti ń dáhùn, dáhùn, bí agbẹjọ́rò. Omi ojú tí kò rí àyè bọ́ láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ó sì jẹ́ kó máa ṣàn.

"Wọ́n bi mí bóyá a ti sin ín," ló sọ, ó sì nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń bọ̀.