Eré Òkú ní Ṣọ́ọ̀bù Jibril

Látìgbà tí ìjọba sójà ti dá Àtàndá dúró níṣẹ́, ará ilé rẹ̀ kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Jibril ní Ẹdẹ, ó ní kó bá òun wá eré tó ń dẹ́rù bani, tí yóò parí kí iná tó lọ.

Jibril ṣí eré ilé òkú. "Bàbá, ẹ tẹ àpótí yẹn, kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀."

"Kí n máa tú àpótí onílé? Ṣé sójà ni mí?"

"Irú wo lẹ wá ń fẹ́?"

"Èyí tí èmi máa jẹ́ òkú, kí wọ́n máa sá fún mi."

Jibril rí ọ̀kan. Àtàndá tẹ fèrèsé ilé inú eré náà, ìdílé kan fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó rẹ́rìn-ín gan-an.

Ìyàwó rẹ̀ gbé garawa yọjú. "Bàbá Sùràjù, omi ti tán nílé."

Òkú dìde, ó gba garawa.