Póìntì Mélòó ni Kọ̀ǹpútà Yóò Jẹ?

Nígbà tí mo bi Ṣayọ̀ léèrè iye iná tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń jẹ, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Àǹtí Morádéún, gbogbo ẹni tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, bó ṣe yára tó ni wọ́n ń bèèrè."

"Àwọn yẹn ò gbé Ajégúnlẹ̀," mo dá a lóhùn.

Kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀ ni Ṣayọ̀ ń tà lẹ́bàá Wharf Road, kò jìnnà sí iléeṣẹ́ tí mo ti tẹ̀wé fún ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù lọ́dún 1997. Méjì ló gbé kalẹ̀ fún mi, Pentium kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àti 486 kan tó ti pẹ́ jù ú lọ. Owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ó ṣí ikùn àwọn méjèèjì, ó sì fi ọpọlọ wọn hàn mí, nǹkan pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin kan báyìí. Ti Pentium ń gbóná débi pé wọ́n fi fáànù kékeré dé e lórí. Ti 486 kò ní fáànù. Mo ní kó tàn án sílẹ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tó pa á, mo fi ìka kàn án, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Ó falẹ̀ o, Àǹtí."

"Ìwọ ṣáà bá mi dì í."

Iyàrá mẹ́rìndínlógún ló wà nílé wa, mítà kan ṣoṣo la sì jọ ń lò. Póìntì la fi ń pín owó iná. Gílóòbù jẹ́ póìntì kan, fáànù jẹ́ kan, tẹlifísọ̀n jẹ́ méjì, fíríìjì jẹ́ mẹ́rin. Sítóòfù oníná kò ní póìntì rárá, nítorí èèwọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ó ti kó jáde nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Kọ̀yà tó máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní èbúté ti ṣèlérí pé gbogbo ìwé òun ni òun máa kó wá fún mi tẹ̀. Bí póìntì mi bá ti ju méjì lọ, owó iná ni màá máa ṣiṣẹ́ fún, kò sì sí ọ̀nà míì ju kí n kó ọmọ mi padà sílé bàbá mi n'Íkirè.

Baba Ephraim, alága ilé wa, wọlé wá wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni ń wo màálù lọ́jà. Ó ka ojú rẹ̀ sí tẹlifísọ̀n, póìntì méjì. Ó ní àpótí rẹ̀ tó fíríìjì kékeré, mẹ́rin. Ibi tí a ń tẹ̀, kan. Ó tún wo àwọn wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Wáyà tó pọ̀ tó báyìí kì í ṣe lásán," ó fi kan sí i. Ó di mẹ́jọ.

Orí mi gbóná. Ìyá Hussainat, opó tó ń gbé iyàrá ẹ̀yìn, nìkan ló gbèjà mi. "Baba, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí rí nǹkan jẹ."

"Kí gbogbo ilé pa iná wọn," ni mo pariwo. "Ẹ jẹ́ ká bi mítà fúnra ẹ̀!"

Ọ̀sán Sátidé ni. Gbogbo ènìyàn pa iná wọn, a sì pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú mítà. Àwo kékeré tó máa ń yí nínú rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ìyá Hussainat nìkan ni kò sí níbẹ̀, ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀. Mo tan kọ̀ǹpútà mi. Àwo náà rọra yí, ó ń fà bí ìgbín. Baba Ephraim tẹjú mọ́ ọn títí. Ó mi orí, ó ní, "Kò tilẹ̀ tó tẹlifísọ̀n mi." Gbogbo ilé hó yèè.

A ò tíì hó tán tí àwo náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"E don dey run o!" Ebinimi tó ń gbé iyàrá kejì ló ké. "E don dey chop light!"

"Mo sọ fún yín," ni Baba Ephraim wí. "Ẹ̀tàn ló ń tàn wá tẹ́lẹ̀. Póìntì mẹ́jọ!"

Èmi mọ̀ pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà mi. Oṣù kẹta rèé tí mo ti mọ̀ nípa sítóòfù oníná tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Hussainat, látìgbà tí kẹrosíìnì ti wọ́n. Ó gbọ́ ariwo wa, ó rò pé a ti parí, ó gbé ògì ọmọ rẹ̀ kaná. Bí mo bá yọ kọ̀ǹpútà mi kúrò lára iná, àwo náà ò ní dúró, gbogbo ilé á sì rí i. Bí mi ò bá yọ ọ́, mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí Ìkirè, mo rántí ojú bàbá mi.

Mo yọ ọ́.

Àwo náà ò dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri títí wọ́n fi dé iyàrá ẹ̀yìn. Ògì náà ṣì ń hó.

Póìntì kan ni wọ́n bù fún kọ̀ǹpútà mi.

Lọ́jọ́ Ajé, Baba Ephraim mú bébà kan wá, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ kó dà bí ìwé ọ́fíìsì. Ìwé pé kí Ìyá Hussainat kó jáde kí oṣù tó parí ni. Mo ní mi ò tẹ̀ ẹ́. Ó wo kọ̀ǹpútà mi, ó ní, "Àbí ká tún póìntì yẹn kà ni?" Ọ̀gbẹ́ni Kọ̀yà ò tíì kó iṣẹ́ kankan wá. Ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ tẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Hussainat wọlé tọ̀ mí wá, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi nítorí ọjọ́ Sátidé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ yín jẹ́." Ó na ìwé náà sí mi. "Abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n tì í gbà. Òyìnbó ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tí kò rí i rí.