Fílà Kì í Ṣe Fìlà

Ọ̀sán gangan ni mo lá àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù mi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìwé ló ní kí n sùn. Ìwé tí mo fi ń kọ́ àtúnṣe alùpùpù sọ pé èèyàn kò gbọdọ̀ wọn fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná, torí irin tó gbóná a máa wú, ìwọ̀n rẹ̀ a sì máa purọ́. Mo tú ìdérí rẹ̀ ní agogo méjì, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ kó tó tutù.

Fáàfù méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń ṣílẹ̀kùn fún epo àti afẹ́fẹ́ láti wọlé, èkejì ń ṣílẹ̀kùn fún èéfín láti jáde. Láàrin orí fáàfù àti apá irin tó ń tẹ̀ ẹ́, ààyè tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ wà. Bó bá kéré jù, ilẹ̀kùn kò ní padé dáadáa, agbára á máa jò lọ. Bó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa dún bí ẹni ń fọ́ èkùrọ́. Tèmi ti ń fọ́ èkùrọ́ láti oṣù tó kọjá.

Mo ti ṣèlérí fún ìyàwó mi, Ìyá Fẹ̀yíṣọlá, pé èmi fúnra mi ni màá tún un ṣe, pé ní agogo mẹ́rin màá gbé e lọ kí ìyá rẹ̀ ní Òtu. Mùkáílà mẹkáníìkì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí.

“Tíṣà, bó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, èmi ni màá gbé ìyàwó yín dé Òtu. Gbogbo abúlé tá a bá kọjá ni màá sì ti ròyìn yín.”

Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi ń wọn ààyè náà, ó fẹ́lẹ́ bí ewé. Fílà ni wọ́n ń pè é. Mo rán awakọ̀ kan sí Ṣakí pé kó bá mi ra fílà bọ̀. Fìlà ló rà, aláwọ̀ ewé, ó sì bá orí mi mu rẹ́gí. Mo dé e, mo sùn.

Ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ padé ni fáàfù méjèèjì jáde wá jókòó sétí ẹní. Ti èéfín dúdú kirikiri, ó ń wúkọ́. Ti epo tutù, ó ń dán.

Ti èéfín ní, “Tíṣà, ẹ fún wa níbùjókòó, ẹ ò fún wa láàyè.”

Mo ní kó má bínú, ìwọ̀n ni mò ń wá.

“Ọ́fíìsì Ààyè ni wọ́n ti ń gbà á. Agogo mẹ́rin ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Alùpùpù tí kò bá níwọ̀n nígbà yẹn, Mùkáílà ló ni ín.”

Mo gbé fáàfù méjèèjì sẹ́yìn, mo gun ẹní, mo fẹsẹ̀ ta á, ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ́fíìsì náà léfòó lókè oko kaṣú. Okùn kan ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ọ̀gá onírùngbọ̀n kan wà nídìí tábìlì.

“Fílà yín dà?”

Mo ṣí fìlà, mo fún un. Ó ní kí n fi wọn fáàfù. Mo ká a sí mẹ́rin, mo ń tì í wọ inú ààyè náà.

Fìlà ní, “Tíṣà, orí ni mo mọ̀. Ẹ má fi mí síbi tí bàbá mi ò dé rí.”

Ọ̀gá ní, “Fìlà lèyí. Fílà la ní kẹ́ ẹ mú wá.”

“Ọ̀gá, àmì ohùn orí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.”

“Àmì yẹn gan-an ni ààyè tẹ́ ẹ̀ ń wá.”

Ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi yí àmì náà sókè. Ó fà á yọ, ṣùgbọ́n ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, ó di ìwo. Ìwo kan kò bójú mu fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ó bá fa àmì kejì yọ, ó fi sí apá kejì. Bó ṣe di òbúkọ nìyẹn. Kò dáṣẹ́ dúró, ó ń fi pátákò lu òǹtẹ̀. Fìlà mi tí kò lámì mọ́ kò lè sọ̀rọ̀.

Aago ara ògiri ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lu mẹ́rin.”

Mo wo ìsàlẹ̀. Mùkáílà ti wà lórí alùpùpù mi, òòlù lọ́wọ́, ìyàwó mi lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi.”

Òbúkọ ní, “Ìwọ̀n wà níbí, irùngbọ̀n mi ni kò jẹ́ kí n rí i. Ẹ bá mi fá a.”

Ó fún mi lábẹ. Mo rọra fá a láti ọ̀tún sósì. Irun náà ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Kẹ́, kẹ́ yẹn ló jí mi. Ìyá Fẹ̀yíṣọlá ló jókòó sórí àpótí, ó ń fi abẹ gé èékánná.

“Bàbá Fẹ̀yíṣọlá, irin yín ti tutù o. Mẹ́ta àbọ̀ ti lù. Mùkáílà ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó ń tẹ fèrè.”

“Yá mi lábẹ yẹn.”

Ó wo àgbọ̀n mi tí n kò dá irun sí rí. “Irùngbọ̀n ta lẹ fẹ́ fá?”

Mo gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú bébà tí wọ́n fi wé abẹ náà, mo kà á. Wọ́n kọ bí abẹ náà ṣe nípọn tó síbẹ̀, ó sì bá ti inú ìwé mi mu. Mo yí ẹ́ńjìnnì títí ilẹ̀kùn méjèèjì fi padé. Mo tú nọ́ọ̀tì orí apá irin náà, mo ti abẹ sínú ààyè náà, mo ń yí ìdè tó wà láàrin nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ títí abẹ fi ń lọ́ra díẹ̀ bí mo bá fà á, bí ìgbà téèyàn ń fa bébà yọ lábẹ́ ìwé. Mo dè é. Mo ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Mo dé ìdérí, mo fẹsẹ̀ ta á.

Ó dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níyàrá kejì.

Ìyàwó mi gun ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ síwájú mi. Èékánná méje ló ti gé, ó ní kí n dá abẹ padà kí òun gé mẹ́ta tó kù.

Mo ní kó ní sùúrù dé Òtu, kó yá abẹ ìyá rẹ̀ lò. Abẹ yìí ti rí iṣẹ́ míì.