Ajá àti Ológbò ní Erùnmu

"Ẹ bá mi sọ fún un kí ìbọn tó dún," Àpèkẹ́ wí. "Bí ìbọn bá dún, ọmọ mi lọ nìyẹn."

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà lábẹ́ igi odán, níwájú òyìnbó oníwàásù tí a gbé dé Erùnmu láàárọ̀ yẹn. Mo ní a gbé e. Èmi ni mo gbé e. Àwọn mẹ́ta yòókù kàn fọwọ́ kan ọ̀pá ibùsùn aṣọ tí a fi rù ú lásán ni.

Ọkọ obìnrin yìí kú nígbà ọyẹ́. Ṣítù, àbúrò ọkọ, fẹ́ ṣú u lópó, ó kọ̀. Ni Ṣítù bá mú Títíladé, ọmọ Àpèkẹ́ kan ṣoṣo, ó tì í sáàárín àwọn èrò tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú, kí wọ́n lọ tà á. Ọ̀nà léwu, èrò kì í ṣí àfi bí olórí ẹ̀ṣọ́ bá yìnbọn ní bodè. Olórí ẹ̀ṣọ́ ọ̀hún sì ti sọ létí gbogbo wa pé bí òyìnbó bá fẹnu ara rẹ̀ bẹ òun, òun á yọ ọmọ náà.

Ó wá ku ògbufọ̀. Méjì ló bá wa rìn. Josiah kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ní Ìjàyè. Jacob kọ́ tiẹ̀ ní Sàró, lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlú Ọba. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ewúrẹ́ á fi àdúgbò sílẹ̀.

Josiah wúkọ́, ó gbé Gẹ̀ẹ́sì kan kalẹ̀ tó gùn ju ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Kò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ tí òyìnbó fi bú sẹ́rìn-ín. Àpèkẹ́ gbójú sókè, omijé ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Kí lo sọ?" Jacob bi í.

"Mo ní ẹkún rẹ̀ ń rọ̀ bí ajá àti ológbò."

"Òjò líle làwọn tó ni èdè ń lo ìyẹn fún. Ta ló ń sunkún ajá? O tún pe ìgbà ọyẹ́ ní fọ́ọ̀lù. Ọ́tọ́ọ̀mù ni."

"Fọ́ọ̀lù ni l'Amẹ́ríkà. Ọ́tọ́ọ̀mù wo lo fojú rí rí ní Sàró?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi," Àpèkẹ́ wí. "Ẹ ṣáà sọ pé wọ́n fẹ́ ta ọmọ mi."

"Ẹ fara balẹ̀, ìyá," Jacob dá a lóhùn. "À ń tún un ṣe fún yín ni."

Wọ́n kọjú sí òyìnbó kó dájọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó fa àga mọ́ra, ó ń fi ìka ṣàlàyé, ó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ẹyẹ orí odán fi ṣí lọ.

Ìbọn dún.

Àpèkẹ́ sáré. Kó tó dé bodè, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn èrò. À ń gbọ́ bó ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pákó.

Òyìnbó bi àwọn ògbufọ̀ méjèèjì léèrè ohun tí obìnrin náà ń fẹ́.

Wọ́n dáhùn papọ̀, ọ̀rọ̀ mélòó kan péré, Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Kò sẹ́ni tó tún èkejì ṣe.