Eku Kẹtàdínlógún

Ìyá Eléku ni àdúgbò ń pe obìnrin tó ń mú eku fún àwọn tó ń ṣèwádìí àìsàn. Eku tó bá kó sí pàkúté rẹ̀, á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, á fi irin kékeré tó ní nọ́mbà sí i létí, á kọ ilé tó ti mú un sínú ìwé, á sì tú u sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tó ń rìn dé.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ló ti mú eku kẹtàdínlógún. Ìyá náà, afínjú tó ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, yarí kanlẹ̀.

"Kí o kọ ilé mi síbẹ̀, kí ayé máa pè mí lọ́bùn? Láéláé!"

Ọmọ bá kọ ilé aládùúgbò.

Èsì dé pé eku náà ní ibà burúkú lára. Ilé aládùúgbò ni wọ́n ti lọ dí ihò, ibẹ̀ ni wọ́n pín oògùn sí. Ìtìjú ò jẹ́ kí Ìyá Eléku sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ò lò tó oṣù kan tí ibà fi gbé ìyá rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ín, ó ń ká aṣọ ìyá rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń gbálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Eku jókòó, ó tẹjú mọ́ ọn, kò sá. Irin etí rẹ̀ ń dán: mẹ́tàdínlógún.

Aládùúgbò kan ilẹ̀kùn, ó wọlé tomijé tomijé.

"Ìyá Eléku, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé yín o. Àwa là bá kú."